Wọ́n Ń Sanwó Bojúbojú

Ẹ sún mọ́bí, ẹ jókòó. Ẹ fi ẹ̀wà tí ẹ ń ṣà yẹn sílẹ̀ ná, òkúta inú ẹ̀ ò ní sá lọ. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, ẹnu mi kọ́ lẹ ti gbọ́ ọ o. Bí ẹnikẹ́ni bá bi yín, ẹ ní ẹ̀yin náà kàn bá ọ̀rọ̀ lójú ọ̀nà ni.

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé látìgbà tí iléèwé ti gba ọlidé ńlá nínú oṣù Keje, ilé wa yìí ò fara rọ. Bàbá Láńlọ́ọ̀dù ti da siméǹtì sí gbogbo àgbàlá. Ibi tó ṣẹ́ kù tí siméǹtì ò dé, wọ́n páàkì mọ́tò tí kò ṣiṣẹ́ síbẹ̀. Wọ́n tún wá fi ẹfun kọ ọ́ sára ògiri pé ẹni tó bá gbá bọ́ọ̀lù lágbàlá yóò san owó gíláàsì. Gíláàsì wo? Ilé tó jẹ́ pé pákó ni gbogbo fèrèsé ẹ̀! Níbo wá ni ọmọ ọdún márùn-ún ó ti sáré? Inú yàrá ni. Orí bẹ́ẹ̀dì ni. Orí ìyá ẹ̀ ni.

Ìyá Ìbejì ló kọ́kọ́ gbé ọ̀rọ̀ káńpù wọlé. Ẹ mọ̀ ọ́n, yàrá kejì sí balùwẹ̀, èyí tó máa ń wá yá iyọ̀, tí iyọ̀ náà ò sì mọ ọ̀nà ilé mọ́. Ó ní òun ti rí ibì kan lápá Bódìjà, iléèwé jẹ́lé-ó-sinmi kan ni wọ́n ń lò, láti aago mẹ́jọ àárọ̀ títí di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, fún ọmọ ọdún mẹ́ta sí mẹ́fà. Ó ní tí ọmọ bá débẹ̀, ọpọlọ ẹ̀ á jí. Mo ní, ọpọlọ ta ló ń sùn? Ìbejì tó tú rédíò bàbá wọn palẹ̀, pé àwọn ń wá àga tí ọkùnrin tó ń ka ìròyìn jókòó sí, ṣé ọpọlọ yẹn ni wọ́n fẹ́ jí? Bí wọ́n bá jí i jù bẹ́ẹ̀ lọ, gbogbo wa ò ní sùn mọ́.

Iye owó káńpù náà, n ò ní dárúkọ ẹ̀. Bàbá Ìbejì gan-an ò mọ̀ ọ́n, ìdajì ni wọ́n sọ fún un. Kí ẹ ṣáà mọ̀ pé owó ọ̀hún ra odidi àpò gàrí, owó ẹni tó máa bá yín rù ú délé yóò sì tún ṣẹ́ kù.

Bí Bàbá Láńlọ́ọ̀dù ṣe gbọ́, wọ́n jáde tàwọn ti ìgò àgbo lọ́wọ́. Wọ́n ní kí Ìyá Ìbejì tún un sọ, kí ni wọ́n fẹ́ kọ́ àwọn ọmọ níbẹ̀? Ó ní wọ́n á ṣe bojúbojú, wọ́n á ṣe ẹkùn-mẹ́ran, wọ́n á ta sùwé, wọ́n á pàlọ́, wọ́n á di àdìrẹ. Bàbá fẹnu wọn sílẹ̀. "Ẹ ń sanwó bojúbojú?" Wọ́n yí ilé po, wọ́n ń kan ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan: "Ṣé ẹ gbọ́ o? Wọ́n ń sanwó bojúbojú!" Ó kù díẹ̀ kí n sọ pé Bàbá, ẹ̀yin lẹ da siméǹtì sí ibi tí wọ́n ti ń ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́. Ṣùgbọ́n owó ilé oṣù méjì ni mo jẹ wọ́n, ẹni tó jẹ gbèsè kì í pariwo. Mo ní, "Ẹ ò rí nǹkan, Bàbá."

Bí mo ṣe wá débẹ̀ fúnra mi nìyí. Obìnrin tó ń dáná fún wọn ní káńpù lọ sí òkú kan ní Ìsẹ́yìn, ẹ sì mọ̀ pé òkú Ìsẹ́yìn kì í tán bọ̀rọ̀. Ìyá Ìbejì ní òun mọ ẹnì kan tó mọ ìrẹsì sè. Èmi nìyẹn. Ọjọ́ kan péré ni wọ́n bẹ̀ mí fún. Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé ọ̀fófó ni mo bá débẹ̀ o, owó ni mo bá lọ. Ṣùgbọ́n Ọlọ́run ló fún mi lójú méjì, mi ò lè bọ́ wọn sílé kí n tó jáde.

Àárọ̀ yẹn ni mo kọ́kọ́ rí nǹkan. Mo ti gbọ́ pé ọmọ máa ń sunkún lẹ́nu géètì. Ọmọ mélòó kan sunkún lóòótọ́, ṣùgbọ́n bàbá kan ni ẹkún tiẹ̀ ga jù. Ọmọkùnrin tó mọ́ra báyìí, ó wọ táì, iṣẹ́ báńkì ló jọ pé ó ń ṣe. Ọmọbìnrin ẹ̀ ti bọ́ wọlé, kò wẹ̀yìn, ó ti ń jà dù kẹ̀kẹ́ onítáyà mẹ́ta. Bàbá ẹ̀ wà lẹ́yìn géètì, ó ń fi etí táì nu ojú. Àwọn ìyá ńkọ́? Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, mò ń wò wọ́n. Oníkálùkù á tẹ̀ ba ọmọ ẹ̀, á fajú ro, á ní "Mọ́mì á tètè dé o." Ó di kọ́nà, ojú á là. Ọ̀kan tiẹ̀ wà tó ju ìdí sọ́tùn-ún, ó ju ú sósì, kó tó dá ọlọ́kadà dúró. Mo ní háà, mo ti mọ ẹni tí wọ́n ń ṣe káńpù fún. Àwọn ọmọ kàn ń bá wọn jẹ́ ẹ ni.

Wọ́n fi káàdì kọ́ ọmọ kọ̀ọ̀kan lọ́rùn. Nítorí pé wọn ò tíì mọ̀wé kà, àwòrán ẹranko ló wà lára káàdì, orúkọ ẹranko yẹn náà ni àwọn àǹtí fi ń pè wọ́n látàárọ̀ dalẹ́. "Ẹfọ̀n, yọ ọwọ́ nímú." "Àgbọ̀nrín, bàtà ọ̀tún kọ́ nìyẹn." Wọ́n fún Táyé ní Erin, wọ́n fún Kẹ́hìndé ní Ìgbín. Kẹ́hìndé wo Ìgbín. Ó wo Erin. Ṣé ẹ mọ̀ pé lójú Yorùbá, Kẹ́hìndé lẹ̀gbọ́n, òun ló rán Táyé ṣíwájú pé kó lọ tọ́ ayé wò. Báwo ni ẹ̀gbọ́n ó ṣe jẹ́ Ìgbín tí àbúrò ó jẹ́ Erin? Ẹ̀yìn ilé ìdáná ni wọ́n ti yanjú ẹ̀, ojú fèrèsé tí mo ti ń bẹ àlùbọ́sà ni. Kẹ́hìndé yọ bísíkíìtì méjì lápò, Táyé kà á, ó bọ́ káàdì lọ́rùn. Wọ́n pààrọ̀. Ọ̀rọ̀ ò pọ̀, wọn ò bú ara wọn. Ì bá ṣe pé báyìí ni à ń ta ilẹ̀ n'Íbàdàn!

Èmi mọ̀ wọ́n yà sọ́tọ̀. Táyé ní àpá kékeré kan lábẹ́ àgbọ̀n, siméǹtì Bàbá Láńlọ́ọ̀dù ló fún un. Àwọn àǹtí ò mọ̀. Erin ni Erin lójú tiwọn.

Lẹ́yìn àdúrà àti ijó, wọ́n pe Ìyá Aláró kan wá láti kọ́ wọn ní àdìrẹ. Ìyá àgbà ni, ó lọ́ ìró Ìbàdàn-dùn mọ́dìí, èyí tí wọ́n ya òpó Gbọ̀ngàn Mápó sí lára. Ọdún 1929 ni wọ́n parí Mápó, àwọn aláró ò sì jẹ́ kó tutù kí wọ́n tó sọ òpó ẹ̀ di aṣọ. Ọmọbìnrin oníbáńkì yẹn wá ń ka òpó náà. Ó ní, "Màmá, kí ni síbí ń ṣe láàárín òpó?" Òótọ́ ni, síbí wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe máa ń ya á. Ìyá ní, "Ìbàdàn tí kò bá yó, ṣé á dùn ni?"

Ó pín aṣọ funfun fún wọn, kò ju áńkáṣíìfù lọ. Ó ní kí kálukú ṣa òkúta kékeré wá, kó fi sáàárín aṣọ, kó wá di í. Ìko ni wọ́n fi ń di í, ìka ọmọdé ò sì mọ ìko fún, nítorí náà ọmọ ń di, àǹtí ń tún un dì lẹ́yìn wọn. Aró tí ìyá gbé wá, ti ẹ̀lú gidi ni, kì í ṣe ti oníkẹ́míkà. Ewé ẹ̀lú ni wọ́n ń gún, wọ́n á mọ ọ́n rogodo, wọ́n á sá a, wọ́n á wá rẹ ẹ́ sómi eérú fún ọjọ́ mélòó kan. Òórùn ẹ̀ kì í ṣe ẹgbẹ́ lófíńdà. Àwọn ọmọ dìmú. Ìyá ní kí ẹnikẹ́ni má tọwọ́ bọ ìkòkò, òun ló ń fi igi ri aṣọ wọn.

Ẹ wá wo ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó fa aṣọ àkọ́kọ́ yọ, ó rí bíi ewé tútù, ó ń kán tó. Ọmọ tó ni ín bú sẹ́kún pé wọ́n ti ba tòun jẹ́, aró kọ́ nìyí. Ìyá ò dá a lóhùn, ó kàn gbé aṣọ náà sókè kí atẹ́gùn lè rí i. Ni àwọ̀ aró bá bẹ̀rẹ̀ sí í yọ láti etí aṣọ, díẹ̀díẹ̀, ó ń gun inú ewé yẹn lọ, títí gbogbo ẹ̀ fi dúdú lójú wọn kòrókòró. Gbogbo ilé pa rọ́rọ́. Ọmọ ọdún mẹ́ta kan sún mọ́ Ìyá Aláró, ó rọra wo abẹ́ apá ẹ̀, bóyá ibẹ̀ ni aró tó kù wà. Nígbà tí wọ́n tú ìko, òkúta já bọ́, oṣùpá funfun yọ láàárín aṣọ. Oṣùbàm̀bà ni wọ́n ń pe iṣẹ́ náà. Àwọn kan rí oṣùpá kan, àwọn kan rí mẹ́ta. Ọmọkùnrin kan gbàgbé òkúta, kò sì di nǹkan kan, aṣọ tiẹ̀ dúdú látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Àǹtí fẹ́ bẹ̀ ẹ́. Ó ní, "Àǹtí, kò bàjẹ́. Ilẹ̀ ṣú ni, oṣùpá ò tíì yọ."

Ẹ má rẹ́rìn-ín tán, ó kù. Màdáàmù tó ni káńpù wọ léèsì funfun lọ́jọ́ yẹn. Ta ló ń wọ léèsì funfun lọ síbi aró? Àwọn òbí kan fẹ́ wá wo ibẹ̀ ni wọ́n ní. Bẹ́ẹ̀ ni Kẹ́hìndé, tó ń jẹ́ Erin báyìí, ti gbé aṣọ ẹ̀ tó ṣì tutù, ọwọ́ méjèèjì ti di aró. Ó ń sá fún ẹnì kan, ó yà, ó gbá Màdáàmù mú lẹ́yìn kó má bàa ṣubú. Àtẹ́lẹwọ́ méjì, ọ̀tún àti òsì, síbi tí Màdáàmù ò ti lè rí i láéláé àyàfi tó bá bọ́ ọ. Gbogbo àwọn àǹtí rí i. Èmi náà rí i. Ẹni tó máa sọ fún un ni a ò rí. Ó bá mú àwọn òbí yẹn yí káńpù po, ó ń ṣàlàyé fún wọn pé wọn kì í fi ọwọ́ kan ọmọ níbẹ̀. Lóòótọ́, ọmọ ló fi ọwọ́ kàn án.

Oúnjẹ ọ̀sán, mo sè é, wọ́n jẹ ẹ́. Ìyá kan ti kọ̀wé rán ọmọ ẹ̀ pé kò gbọ́dọ̀ jẹ ata, kì í jẹ ìsàlẹ̀ ìkòkò, kì í jẹ nǹkan tó gbóná. Ọmọ ọ̀hún ló kẹ́yìn nílé ìdáná, tó ń bi mí bóyá èèpá ṣì kù. Mo ní ìyá ẹ ńkọ́? Ó ní, "Kò sí níbí."

Ó di aago kan, wọ́n kó wọn sínú bọ́ọ̀sì lọ wo ẹranko ní Yunifásítì Ìbàdàn, èmi náà bá wọn lọ. Àwọn òbí kan ti fẹ́ kí wọ́n kó wọn lọ sí ọgbà Agodi, ni àǹtí tó dàgbà jù níbẹ̀ bá ní òun ò ní sí níbẹ̀, oṣù Kẹjọ la wà. Mo gbà fún un. Ẹni tó wà n'Íbàdàn lọ́jọ́ Sunday, ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù Kẹjọ 1980, tí odò Ògùnpa jáde wá ka èèyàn mọ́lé, tó sì ba ọgbà Agodi náà jẹ́, kì í fọwọ́ ara ẹ̀ kó ọmọ sétí odò lásìkò òjò, bí wọ́n ti wù kí wọ́n tún ibẹ̀ ṣe tó. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí lẹ rò pé ojo ni.

Okùn kan báyìí ni wọ́n ní, ó gùn, wọ́n ta á ní kókó. Ọmọ kọ̀ọ̀kan á di kókó kan mú, àǹtí kan á wà níwájú, ọ̀kan á wà lẹ́yìn. Ìjà kókó ni gbogbo ìjà tí wọ́n jà. Ẹni kan fẹ́ gba kókó lọ́wọ́ Erin, Erin gé e jẹ lápá. Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé: Erin géni jẹ.

Ọgbà ẹranko yẹn kì í ṣe nǹkan àná o. Ọdún 1948 tí wọ́n dá yunifásítì sílẹ̀ náà ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹranko jọ síbẹ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ́ nípa ẹranko. Nígbà tèmi, gòrílà kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Imade, kò sí ọmọ Ìbàdàn tí wọn ò mú lọ kí i. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin máa ń sọ pé ó wo òun tìkà-tẹ̀gbin. N ò dá Imade lẹ́bi.

A dé ọ̀dọ̀ kìnnìún. Ó ń sùn. Ó na tẹ́ẹ́rẹ́, ó kọ ìdí sí wa. Àwọn ọmọ dúró. Wọ́n tún dúró. Ọ̀kan pe ọkùnrin tó ń tọ́jú ibẹ̀, ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ jí i, a ti sanwó." Ọkùnrin yẹn rẹ́rìn-ín, ó ní kìnnìún lè sùn tó ogún wákàtí lójúmọ́, pé àwọn abo ló sì máa ń ṣọdẹ jù, akọ á wá jẹun tó bá yá. Mo wo ẹranko yẹn dáadáa. Mo ní irú ìyẹn wà nílé wa, yàrá kejì sí balùwẹ̀. Ẹ má sọ fún Bàbá Ìbejì o.

Ọ̀dọ̀ ìjàpá ni wọ́n ti pẹ́ jù. Gbogbo àlọ́ tí wọ́n ti gbọ́ látọjọ́ tí káńpù ti bẹ̀rẹ̀, òun ni. Ọmọ kan lóṣòó síwájú ẹ̀, ó sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, kí àwọn àgbà má bàa gbọ́: "Yánníbo ńkọ́?" Ìjàpá fa orí wọlé. Ọmọ yíjú sí mi, ó ní, "Màmá, ó ti tún fẹ́ purọ́."

A padà dé, wọ́n tẹ́ ẹní pé kí wọ́n sùn. Àǹtí ló kọ́kọ́ sùn. Ohun tí àwọn ọmọ fi bàtà ara wọn ṣe lákòókò yẹn, a ò tíì rí ìdí ẹ̀ títí di àkókò yìí, bàtà ọ̀tún ọ̀kan sì ti di àwátì. Nígbà tí àǹtí jí, ó ní kí wọ́n pagbo fún àlọ́. Inú fóònù ló ti ń kà á. Ìjàpá ti wọ inú igbó, ó ti rí igi tó ń so oúnjẹ, ni bátìrì bá kú. Gbogbo wọn ń wo fóònù. Táyé, tó wọ Ìgbín, na ọwọ́ sókè: "Àǹtí, ṣé títí NEPA á fi múná dé ni Ìjàpá á fi wà nínú igbó?" Èmi ni mo nu ọwọ́ nù lára ìró, mo jókòó, mo bá wọn parí ẹ̀. Wọn ò san kọ́bọ̀ kún owó mi fún ìyẹn.

Aago mẹ́rin lù. Bàbá oníbáńkì ti wà lẹ́nu géètì látaago mẹ́ta, táì ti kúrò lọ́rùn. Àwọn ìyá? Ẹ bi mí o. Àwọn tó ní "Mọ́mì á tètè dé" láàárọ̀, aago márùn-ún kọjá kí ojú wọn tó yọ. Ìyá Ìbejì ló kẹ́yìn pátápátá. Ó ní súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ ló dá òun dúró ní Mókọ́lá. Irun tuntun ló wà lórí ẹ̀, ìlà ìrọ̀rí sì wà lẹ́rẹ̀kẹ́ ẹ̀, ọ̀tún, láti etí dé ẹnu. Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ tó ní ìrọ̀rí.

Àǹtí ka ìwé fún un. Táyé, ìyẹn Erin, ba léèsì Màdáàmù jẹ́, ó gé ọmọ jẹ lápá. Kẹ́hìndé, ìyẹn Ìgbín, ọmọ jẹ́jẹ́ ni, ó tún bèèrè ìbéèrè ọlọ́gbọ́n lásìkò àlọ́. Ìyá Ìbejì yíjú sí Táyé, ó fi gbogbo ọ̀nà Bódìjà bá a wí dé ibi tí a ti wọ mọ́tò. Ọmọ yẹn ò sọ nǹkan kan. Ó ti jẹ bísíkíìtì tán, kí ló fẹ́ sọ? Ìyá ẹ̀ ní, "Ṣé o ò ní í sọ̀rọ̀ ni? Kí lo rí kọ́ níbẹ̀?" Ó ronú díẹ̀. Ó ní, "Kìnnìún ń sùn." Ìyá ẹ̀ wá ra súyà fún Kẹ́hìndé nítorí ìwà rere. Ẹ ó ní èmi tí mo mọ̀, kí ló dé tí mi ò là á? Ìyá Ìbejì ti gé súyà díẹ̀ fún èmi náà.

Ohun tí mo tìtorí ẹ̀ pè yín gan-an ló kù. Ariwo tí ẹ gbọ́ lóru àná, tí Bàbá Láńlọ́ọ̀dù ní ológbò ni, ológbò kọ́. Kẹ́hìndé fẹ́ fi aṣọ olóṣùpá ẹ̀ han bàbá ẹ̀. Ó ti fi bébà kan wé e kó má bàa dọ̀tí, bébà ọ̀hún ló rí nínú báàgì ìyá ẹ̀. Bàbá tú u, ó yin aṣọ, ó ní ó dára gan-an. Ó wá wo bébà. Rìsíìtì káńpù ni, iye owó tòótọ́ ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú òǹtẹ̀. Bàbá tó máa ń sùn ogún wákàtí jí, wọn ò bẹ ẹnikẹ́ni kó jí i. Ó ní òun fẹ́ mọ ohun tí ìdajì kejì...

Ẹ dákẹ́, ẹ dákẹ́. Ẹ máa ṣa ẹ̀wà yín.

Ẹ káàbọ̀ o, Ìyá Ìbejì! Àwọn ìbejì ńkọ́? À ń sọ ọ́ lọ́wọ́ ni pé irun yín yìí mà dára o, níbo lẹ ti dì í?